Láti Ẹyọ Dé Ọ̀pọ̀: Bí Ọ̀rọ̀-Orúkọ Ṣe Ń Di Púpọ̀ Nínú Èdè Jámánì

Kì í pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá bẹ̀rẹ̀ èdè Jámánì kí ó tó bá ìṣòro yìí pàdé. Wọ́n kọ́ ọ pé Tag ni ọjọ́, pé Tage ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún kọ́ ọ pé Buch ni ìwé. Ó sáré sọ pé Buche, wọ́n ní rárá, orúkọ igi kan nìyẹn, Bücher ni ọ̀pọ̀ ìwé. Frau ni obìnrin, Frauen ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Auto di Autos. Lehrer, ìyẹn olùkọ́, kò tilẹ̀ yí padà rárá: Lehrer ni ẹnì kan, Lehrer náà ni ẹni mẹ́wàá. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ọ̀pọ̀ nínú wa á ti gbà pé kò sófin kankan nínú ọ̀ràn náà, pé bó bá ṣe wu oníkálukú ló ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin wà. Àwọn kan dájú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò ní ṣàṣìṣe láé bí ẹ bá ti mọ̀ wọ́n. Àwọn mìíràn jẹ́ àṣà tó wọ́pọ̀ tí ọ̀rọ̀ díẹ̀ yapa sí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì kù tó jẹ́ pé àfi kí a há wọn sórí. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, kí a má baà máa há ohun tó lófin sórí, kí a má sì máa wá òfin níbi tí kò sí.

Ọ̀ràn náà tó ohun tí a ń fara balẹ̀ kọ́. Nínú ìdánwò, yálà ti ẹ̀ka wa tàbí ti A1 tí àwọn kan nínú wa nílò láti gba físà, àṣìṣe lórí ọ̀pọ̀ kì í dá wá. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti ṣì, atọ́ka tó ṣáájú rẹ̀ á ṣì, ọ̀rọ̀-àpèjúwe á ṣì, ọ̀rọ̀-ìṣe á sì tẹ̀lé wọn. Nígbà mìíràn pẹ̀lú, ìtumọ̀ gan-an ló ń yí padà, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Ohun tí a gbé wá láti ilé

Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ kì í pààrọ̀ aṣọ nítorí pé ó pọ̀. Ìwé ni ìwé, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Bí a bá fẹ́ fi hàn pé ó ju ọ̀kan lọ, ìta ọ̀rọ̀ náà la ti ń ṣe é. A lè fi àwọn ṣáájú rẹ̀ (àwọn ìwé), a lè fi wọ̀nyí tàbí wọ̀nyẹn tẹ̀lé e (ìwé wọ̀nyí), a lè fi iye kún un (ìwé mẹ́ta), a sì lè ṣe àpètúnpè ọ̀rọ̀ tó ń yán an (ilé ńláńlá). Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, a kì í tilẹ̀ sọ ọ́ rárá. "Mo ra ìwé lánàá" lè jẹ́ ìwé kan, ó lè jẹ́ mẹ́fà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ yóò béèrè.

Èdè Jámánì kò fún wa ní irú àyè yẹn. Kí ẹ tó la ẹnu, ẹ ti ní láti pinnu: ṣé Ich kaufe ein Buch ni, àbí Ich kaufe Bücher? Ìdí nìyí tí irú àṣìṣe bíi drei Buch fi máa ń yọ́ wọlé sínú ọ̀rọ̀ àwa tí a ń sọ Yorùbá. Kì í ṣe pé a kò mọ Bücher. Etí wa ló ti gbà pé mẹ́ta ti ṣe iṣẹ́ náà tán, kò sí ohun tó kù fún ìwé láti ṣe. Lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, mẹ́ta á sọ tirẹ̀, ìwé náà á sì tún sọ tirẹ̀: drei Bücher.

Ohun kejì tí a kò gbé wá láti ilé ni jẹ́ńdà. Ọ̀rọ̀-orúkọ wa kò ní akọ, kò ní abo. Ti Jámánì ní mẹ́ta: akọ (der), abo (die), àti èyí tí kò ṣakọ tí kò sì ṣabo (das). A máa ń rò pé ẹrù lásán ni der, die, das, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe máa rí i, àwọn gan-an ló máa ń tọ́ka sí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò gbà di ọ̀pọ̀. Ẹni tó bá kọ́ Buch láì kọ́ das ti ju kọ́kọ́rọ́ nù.

Gbogbo wọn di die

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ọ̀pọ̀, jẹ́ńdà tán. Der Tisch (tábìlì), die Tür (ilẹ̀kùn) àti das Fenster (fèrèsé) di die Tische, die Türen, die Fenster. Arọ́pò-orúkọ pẹ̀lú ṣe bẹ́ẹ̀: er, sie àti es di sie kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí wọ́n tiwa ṣe kan gbogbo ènìyàn. Àwọn ará Jámánì tún fi lẹ́tà ńlá kọ sie yìí, ó di Sie, wọ́n sì ń fi bá ẹni tó yẹ fún ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwa tí a ń fi ẹ kí àgbàlagbà kan, tí a sì ń fi wọ́n ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn, kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa.

Ibi tí a ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni pé die yìí náà ni atọ́ka abo nígbà tó jẹ́ ẹyọ. Die Schwester jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò obìnrin kan ṣoṣo, die Schwestern ló ju ọ̀kan lọ. Die nìkan kò tó fi ṣe ẹ̀rí ọ̀pọ̀. Ẹ wo ìparí ọ̀rọ̀ náà, ẹ sì wo ọ̀rọ̀-ìṣe: ist ni fún ẹyọ, sind ni fún ọ̀pọ̀.

Ọ̀nà márùn-ún

Bí a bá kó gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ Jámánì jọ, ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ń gbà di ọ̀pọ̀. Mo tò wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí òfin rẹ̀ dájú jù.

1. Àfòmọ́ -n tàbí -en. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ abo ń gbà nìyí. Bí ọ̀rọ̀ abo bá parí sí -e, ẹ fi -n kún un: Blume (òdòdó) di Blumen, Straße (títì) di Straßen, Schule (ilé-ìwé) di Schulen. Bí ó bá parí sí -ung, -heit, -keit, -schaft, -ion, -tät tàbí -ei, ẹ fi -en kún un láìwẹ̀yìn: Prüfung (ìdánwò) di Prüfungen, Krankheit (àìsàn) di Krankheiten, Universität di Universitäten, Bäckerei (ilé búrẹ́dì) di Bäckereien. Ọ̀rọ̀ abo tó parí sí -el tàbí -er gba -n: Gabel (fọ́ọ̀kì) di Gabeln, Schwester di Schwestern. Èyí tó parí sí -in sọ n rẹ̀ di méjì: Studentin di Studentinnen.

Àwọn ọ̀rọ̀ akọ kan náà wà lójú ọ̀nà yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ orúkọ ènìyàn tàbí ẹranko: Junge (ọmọkùnrin) di Jungen, Student di Studenten, Mensch (ènìyàn) di Menschen, Löwe (kìnnìún) di Löwen. Ẹ ṣọ́ àwọn wọ̀nyí o. Àfòmọ́ kan náà máa ń wà lára wọn nígbà tí wọ́n bá jẹ́ àbọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ: Ich kenne den Studenten túmọ̀ sí pé mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan pàtó, kì í ṣe ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni Ich kenne die Studenten.

2. Láìsí àfòmọ́. Ọ̀rọ̀ akọ àti ọ̀rọ̀ das tó bá parí sí -er, -el, -en, -chen tàbí -lein kì í sábà gba àfòmọ́. Der Lehrer di die Lehrer, der Löffel (ṣíbí) di die Löffel, das Fenster di die Fenster, das Mädchen (ọmọbìnrin) di die Mädchen. Èyí ló yẹ kó rọrùn fún wa jù lọ, torí bí Yorùbá ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́ nìyí: ọmọbìnrin ń jókòó sí ipò rẹ̀, àwọn ló wá síwájú rẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ akọ yìí máa ń gba àmì méjì lórí fáwẹ̀lì wọn: Vater (bàbá) di Väter, Bruder (ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọkùnrin) di Brüder, Apfel di Äpfel, Garten (ọgbà) di Gärten, Vogel (ẹyẹ) di Vögel. Nínú ọ̀rọ̀ abo, méjì péré ló wà lójú ọ̀nà yìí, ìyá àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n: Mutter di Mütter, Tochter di Töchter. Àwọn tó yapa kò pọ̀. Bauer (àgbẹ̀) di Bauern, Muskel (iṣan) di Muskeln.

3. Àfòmọ́ -s. Ọ̀rọ̀ tó bá parí sí fáwẹ̀lì a, i, o, u tàbí sí lẹ́tà y sábà máa ń gba -s: Auto di Autos, Oma (ìyá àgbà) di Omas, Kino (ilé sinimá) di Kinos, Uni di Unis. Ìkékúrú ọ̀rọ̀ náà ń gbà á, LKW (ọkọ̀ akẹ́rù) di LKWs. Orúkọ ìdílé náà ń gbà á, die Müllers ni gbogbo ìdílé Müller. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá láti inú Gẹ̀ẹ́sì ń gbà á: Job di Jobs, Team di Teams. Ẹ kíyè sí i pé Handy (fóònù alágbèéká) di Handys, Hobby di Hobbys. Y kì í yí padà gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é, ibẹ̀ sì ni Gẹ̀ẹ́sì wa ti máa ń tàn wá jẹ.

4. Àfòmọ́ -e. Ibùdó ọ̀rọ̀ akọ onísílébù kan nìyí. Tisch di Tische, Freund (ọ̀rẹ́) di Freunde, Hund (ajá) di Hunde. Àwọn kan máa ń fi àmì méjì kún un, àwọn kan kì í fi í: Stuhl (àga) di Stühle, Baum (igi) di Bäume, Sohn (ọmọkùnrin ẹni) di Söhne, ṣùgbọ́n Tag di Tage, Arm (apá) di Arme, Schuh (bàtà) di Schuhe. Níbí ni hahá sórí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ abo onísílébù kan díẹ̀ náà ń gba -e, àmọ́ tiwọn dájú: bí fáwẹ̀lì wọn bá lè gba àmì, wọn yóò gbà á. Hand (ọwọ́) di Hände, Stadt (ìlú ńlá) di Städte, Nacht (òru) di Nächte, Kuh (màlúù) di Kühe. Ọ̀rọ̀ das tó wà níbí kì í sábà gba àmì: Jahr (ọdún) di Jahre, Brot (búrẹ́dì) di Brote. Ọ̀rọ̀ tó bá parí sí -nis sọ s rẹ̀ di méjì kó tó gba -e: Zeugnis, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí gbogbo wa ń lé kiri, di Zeugnisse.

5. Àfòmọ́ -er. Ọ̀rọ̀ das onísílébù kan ló pọ̀ jù níbí: Kind (ọmọ) di Kinder, Bild (àwòrán) di Bilder, Ei (ẹyin) di Eier. Ọ̀rọ̀ akọ díẹ̀ náà wà níbẹ̀, bíi Mann (ọkùnrin) tó di Männer àti Wald (igbó) tó di Wälder. Kò sí abo kankan níbẹ̀. Òfin kan dájú lójú ọ̀nà yìí: bí a, o, u tàbí au bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmì méjì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Buch di Bücher, Haus (ilé) di Häuser, Dorf (abúlé) di Dörfer. Ẹ kò ní gbọ́ Bucher láé gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìwé.

Ẹ rí i pé àmì méjì náà kì í kàn bọ́ síbi tó bá wù ú. -er ń fi dandan béèrè rẹ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. -en àti -s kì í mú un wá. -e àti ọ̀nà aláìláfòmọ́ nìkan ló ń ṣe ségesège.

Ibi tí àmì méjì náà ti wá

Orúkọ tí wọ́n ń pe ìyípadà fáwẹ̀lì yìí ni Umlaut. A di ä, o di ö, u di ü, au di äu. Ó jọ ohun tí kò nídìí, ṣùgbọ́n ó nídìí nígbà kan rí. Nínú èdè Jámánì àtijọ́, ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, gast ni àlejò, gesti sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Fáwẹ̀lì i tó wà ní ìparí ló fa a tó ṣáájú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, nítorí iwájú ẹnu la ti ń pe i. Bákan náà ni lamb (ọ̀dọ́ àgùntàn) di lembir. Nígbà tó yá, i náà rẹ̀ sílẹ̀, ó di e lásán, ṣùgbọ́n ìyípadà tó ti fà kò padà. Ohun tó ṣẹ́ kù fún wa lónìí ni Gast, Gäste àti Lamm, Lämmer. Ẹni tó dáná ti lọ, èéfín rẹ̀ ṣì wà.

Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ ìbátan Jámánì, ṣe irú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn fi bára mu: man, men àti Mann, Männer, mouse, mice àti Maus, Mäuse, goose, geese àti Gans, Gänse, foot, feet àti Fuß, Füße. Ohun tó jẹ́ ìyapa díẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì ti di òfin gbòòrò lọ́dọ̀ Jámánì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka fónọ́lọ́jì Yorùbá á ti máa rántí àǹkóò fáwẹ̀lì. Nígbà tí a bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe, fáwẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ló ń pinnu irú èyí tó máa ṣáájú: tò di ètò, rò di èrò, ṣùgbọ́n kọ́ di ẹ̀kọ́, bẹ̀ di ẹ̀bẹ̀. Kì í ṣe ohun kan náà ni àǹkóò àti Umlaut, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni agbára wọn gbà, ó ti ẹ̀yìn wá síwájú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tiwa ṣì ń ṣiṣẹ́, a sì ń gbọ́ ohun tó fà á. Ti Jámánì ti pàdánù ohun tó fà á, ìdí sì nìyẹn tó fi dà bí ìdán.

Àwọn àlejò tó mú ìṣe ilé wọn wá

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá láti inú Látìn àti Gíríìkì kì í sábà kàn fi àfòmọ́ kún un. Wọ́n á kọ́kọ́ gé ìparí rẹ̀ sọnù: Museum di Museen, Zentrum (ibùdó) di Zentren, Thema (kókó ọ̀rọ̀) di Themen, Firma (ilé-iṣẹ́) di Firmen, Konto (àkáǹtì báǹkì) di Konten. Àwọn mìíràn di -a bíi ti Látìn gan-an: Praktikum (iṣẹ́ ìmọ̀ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe) di Praktika, Visum di Visa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ lọ kàwé ní Jámánì á pàdé Visum, Konto àti Praktikum kí ó tó pàdé òdòdó tàbí ẹyẹ, nítorí náà ẹ tètè mọ̀ wọ́n.

Ẹ tún tẹ́tí sí Professor. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni Professoren. Ní ẹyọ, sílébù kejì ló ń gba agbára ohùn, ní ọ̀pọ̀ agbára náà sún lọ sórí -so-. Etí tó ti mọ àmì ohùn Yorùbá kò gbọdọ̀ jẹ́ kí èyí kọjá lọ.

Àwọn onímọ̀ ti bá ara wọn jiyàn gan-an lórí -s. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ọ̀rọ̀ tó ń gba -s kéré gan-an sí èyí tó ń gba -en tàbí -e. Síbẹ̀, òun ni wọ́n ń sá lọ bá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣàjèjì, tó jẹ́ orúkọ ìdílé, tàbí tó jẹ́ ìkékúrú. Ní 1995, Gary Marcus, Harald Clahsen, Steven Pinker àti àwọn akẹgbẹ́ wọn kọ àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n fi jiyàn pé -s ni òfin ìpìlẹ̀ nínú ọpọlọ ẹni tó ń sọ Jámánì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀. Àwọn mìíràn kò gbà fún wọn. Ẹni tó bá ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lè wo ibẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí àfòmọ́ bá yí ìtumọ̀ padà

Àwọn ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀pọ̀ méjì, ìtumọ̀ wọn sì yàtọ̀. Bank lè jẹ́ báǹkì, ó sì lè jẹ́ bẹ́ǹṣì. Ní ẹyọ, die Bank ni méjèèjì. Ní ọ̀pọ̀, Banken ni ilé owó, Bänke ni ìjókòó. Ẹni tó bá sọ pé òun ní owó nínú Bänke ti fi owó rẹ̀ sórí ìjókòó nìyẹn. Mutter tó jẹ́ ìyá di Mütter, ṣùgbọ́n Mutter tí mẹkáníìkì ń fi de bóòtù di Muttern. Strauß tó jẹ́ ìdì òdòdó di Sträuße, èyí tó jẹ́ ògòǹgò di Strauße. Wort di Wörter nígbà tí a bá ń ka ọ̀rọ̀ ní oókan-oókan, bíi ti inú ìwé atúmọ̀ èdè, ó sì di Worte nígbà tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó so pọ̀ tó ń gbé èrò jáde, bíi ọ̀rọ̀ ìyànjú láti ẹnu àgbà.

Dativ àti iye

Nǹkan méjì kù tó máa ń gba máàkì lọ́wọ́ wa. Àkọ́kọ́ ni Dativ, ìyẹn ipò tí ọ̀rọ̀ ń wà lẹ́yìn mit, bei, von, zu àti àwọn atọ́kùn mìíràn bẹ́ẹ̀. Nínú Dativ, die di den, ọ̀rọ̀ ọlọ́pọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ gba -n: die Kinder di mit den Kindern, die Freunde di mit den Freunden, die Lehrer di mit den Lehrern. Èyí tó ti ní -n tẹ́lẹ̀ kò nílò òmíràn (mit den Frauen), èyí tó sì parí sí -s kì í gbà á (mit den Autos).

Ìkejì ni ìwọ̀n àti owó. Mo ti sọ pé drei Buch kò tọ́. Ṣùgbọ́n lórí ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ akọ àti ọ̀rọ̀ das máa ń jókòó sí ẹyọ lẹ́yìn iye: zwei Kilo Reis (kílò ìrẹsì méjì), fünf Euro, drei Glas Wasser (ife omi mẹ́ta). Abo kò sí nínú èyí, ó ń di ọ̀pọ̀ bó ti yẹ: zwei Flaschen Wasser (ìgò omi méjì), zwei Tassen Tee (ife tíì méjì). Àwọn ọ̀rọ̀ kan kì í sì í ní ọ̀pọ̀ rárá, bíi Milch (mílíìkì) àti Obst (èso), nígbà tí àwọn mìíràn jẹ́ ọ̀pọ̀ nígbà gbogbo: Eltern (òbí), Leute (àwọn ènìyàn), Ferien (ọlidé), Kosten (ìnáwó).

Ta ló wà nínú ọ̀pọ̀ náà?

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti kọjá ọ̀rọ̀ gírámà, tó di ọ̀rọ̀ ìlú. Studenten jẹ́ ọ̀pọ̀ Student, ọ̀rọ̀ akọ. Bí ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ bá wà nínú yàrá, tí obìnrin jẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú wọn, àṣà àtijọ́ ní kí a ṣì pè wọ́n ní Studenten. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Jámánì sọ pé èyí fi obìnrin pa mọ́. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Studentinnen und Studenten, àwọn kan fi àmì ìràwọ̀ sáàárín, Student*innen, àwọn mìíràn sì yan Studierende, tó túmọ̀ sí àwọn tó ń kàwé, tí akọ àti abo rẹ̀ kò yàtọ̀ ní ọ̀pọ̀. Àríyànjiyàn náà gbóná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Bayern fòfin de àmì ìràwọ̀ àti irú rẹ̀ nínú ìwé iṣẹ́ ọba àti ní ilé-ẹ̀kọ́ láti oṣù kẹrin ọdún 2024. Studierende ní tirẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ ní yunifásítì. Àjọ tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ nípa yàrá àti oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́hùn-ún ń jẹ́ Studierendenwerk.

Àwa tí a ní akẹ́kọ̀ọ́, tí kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, lè máà tètè mọ ohun tó ń jà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kan ní Jámánì, ẹ rántí pé irú ọ̀pọ̀ tí ẹ bá yàn lè sọ nǹkan nípa yín fún ẹni tó ń kà á.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ

Nígbà tí ẹ bá pàdé ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ bi í ní ìbéèrè ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ṣé ó parí sí a, i, o, u tàbí y? -s ló ṣeé ṣe jù. Ṣé abo ni? -n tàbí -en ló ṣeé ṣe jù, àyàfi àwọn onísílébù kan díẹ̀ tó ń gba -e pẹ̀lú àmì. Ṣé akọ tàbí das tó parí sí -er, -el tàbí -en ni? Kò gba nǹkan kan, ẹ kàn wò ó bóyá àmì wà. Ṣé akọ onísílébù kan ni? Ẹ gbìyànjú -e. Ṣé das onísílébù kan ni? -e àti -er ń bá ara wọn dù ú, ẹ lọ wo ìwé.

Ìwé tó yẹ kí ẹ wò ni Duden, tí Konrad Duden kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1880. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí jẹ́ńdà rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé atúmọ̀ èdè, wọ́n ń kọ ọ́ ní ìkékúrú: -e túmọ̀ sí pé kí ẹ fi e kún un, àmì méjì lórí ìlà náà túmọ̀ sí pé fáwẹ̀lì á yí padà pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé yín, ẹ má kọ Buch nìkan. Ẹ kọ das Buch, die Bücher. Kí ẹ sì máa kà á jáde pẹ̀lú iye: ein Buch, zwei Bücher, eine Hand, zwei Hände, ein Lehrer, zwei Lehrer. Iye ni Yorùbá ti máa ń dá wa dúró, nítorí náà ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí a ti kọ́ ahọ́n wa láti tẹ̀ síwájú. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lójúmọ́ tó. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.